Góòlù Tí Wọ́n Fagi Lé àti Owó Ilé Bọ̀dá Télọ̀

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin tèmi. Ẹ fi àga tó ní ẹ̀yìn yẹn sílẹ̀ fún Ìyá Chelsea, orúnkún ń dùn wọ́n. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ owó ilé Bọ̀dá Télọ̀ lápá kan, torí kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ ní gbogbo Òkè-Àdó, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń rò ó kiri ò dára. Àwọn kan ní Bàbá Láńlọ́ọ̀dù ṣèlérí tán, wọ́n gbé e mì. Irọ́ ni. Àwọn kan ní Télọ̀ fi fóònù dẹkùn fún wọn. Ìyẹn náà kì í ṣòótọ́ tán. Èmi tí mo ń ta mínírà lẹ́nu ọ̀nà sẹ́ńtà tí gbogbo wa ti ń wo bọ́ọ̀lù, tí mo ń rí ẹni tó wọlé àti ẹni tó yọ́ wọlé láìsanwó, èmi ni kí ẹ bi.

Ẹ ṣáà mọ Bàbá. Manchester United ni wọ́n ń jẹ, òun ni wọ́n ń mu. Tí United bá fìdí rẹmi ní Sátidé, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dárúkọ owó iná sí wọn létí títí di Mọ́ńdè. Àmọ́ ẹni tí Bàbá kórìíra jù láyé yìí kì í ṣe ọmọ Arsenal, kì í sì í ṣe ọmọ Liverpool. Àwọn ọmọ Glazer ni, lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, àwọn tí kò mọ̀ pé Bàbá wà láyé. Wọ́n lè jí yín lóru torí kí wọ́n lè tún ìtàn náà rò: pé ní 2005, Malcolm Glazer yáwó, ó fi owó àyálò ra United, ló bá gbé èyí tó pọ̀ nínú gbèsè náà lé ẹgbẹ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀ lórí pé kó máa san án tòun tèlé.

"Ẹ gbà mí o," Bàbá á wí, "kí n yáwó kọ́lé, kí n wá ní kí àwọn tó ń gbé inú ẹ̀ máa bá mi san gbèsè?"

Gbogbo wa á wolẹ̀. A mọ ibi tí owó tí wọ́n fi kọ́ àwọn yàrá ẹ̀yìn ti wá, a sì mọ àwọn tó ń bá wọn san án.

Nígbà tí Bàbá gbọ́ pé ní 2010 àwọn alátìlẹyìn United ń so ìborùn aláwọ̀ ewé àti wúrà láti fi bínú sí àwọn Glazer, torí pé àwọ̀ Newton Heath nìyẹn, orúkọ tí ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ kó tó di United, ojúmọ́ ò tíì mọ́ tí wọ́n fi kanlẹ̀kùn Télọ̀. Mo ju Télọ̀ lọ dáadáa o, àmọ́ Bọ̀dá Télọ̀ ni gbogbo ilé ń pè é, èmi náà ò lè yàtọ̀. Àjákù ankara tó kù nílẹ̀ láti ibi aṣọ ẹbí ìyàwó kan ló fi rán ìborùn náà. Tí ẹ bá wò ó fínnífínní, ẹ máa rí òdòdó, ẹ máa rí ìdajì ẹyẹ ọ̀kín kan tí ọ̀bẹ àbí síṣọ́ọ̀sì gé lọ́rùn. Bàbá ń so ó títí dòní. Owó ìránṣọ ẹ̀? Wọn ò san án nígbà náà.

Àti ọ̀rọ̀ òrùlé. Òrùlé Old Trafford ń jò, gbogbo ayé ló mọ̀. Bàbá á pariwo níwájú tẹlifíṣàn: "Ẹgbẹ́ tó tóbi báyìí, tí wọ́n ń pawó lára wa lójoojúmọ́, wọn ò lè pààrọ̀ páànù!" Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òkè bẹ́ẹ̀dì Télọ̀ ń jò nígbà náà. Tí òjò bá ti ṣú nígbà yẹn, ike kíkùn ni Télọ̀ kọ́kọ́ máa ń wá, kó tó wá aṣọ oníbàárà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ ilé fi ń pe Bàbá ní Glazer lẹ́yìn. Bàbá ò mọ̀ nígbà náà.

Bàbá fúnra wọn ló sì kó ọ̀rọ̀ sí Télọ̀ lẹ́nu lọ́jọ́ kan. Wọ́n ń ṣàlàyé pé nígbà tí Glazer ra United tán, àwọn alátìlẹyìn kan bínú kúrò, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 2005 yẹn kan náà, FC United of Manchester, ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan, kò sí ọ̀gá. Télọ̀ gbé abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu. "Bàbá, ṣé ayálégbé náà lè ṣe bẹ́ẹ̀?" Bàbá wò ó sùn-ùn. "Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mò ń sọ."

Tíṣà wà níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ wọn ò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu Arsenal. Oṣù kẹwàá 1999 ló kó bá wọn, ọjọ́ tí Chelsea ti jẹ góòlù méjì ní Stamford Bridge, tí òjò ń rọ̀, tó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí Kanu Nwankwo wa wá jẹ mẹ́ta lẹ́sẹẹsẹ. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn, ó pàdé gólì Chelsea lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà níbi tí kò yẹ kó ti rọ́nà, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé láti igun kan tí Tíṣà ní jiọ́mẹ́tírì ò tíì lórúkọ fún. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi bó ṣe gbá a hàn yín o! Ìgbà tí wọ́n fi hàn kẹ́yìn, bàtà wọn fò bọ́ sínú agbada àkàrà Ìyá Chelsea.

Ìyá Chelsea ò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ Kanu. Tiwọn ni Mikel tó gbá fún Chelsea. Lọ́jọ́ kejì tí Chelsea gba ife Yúróòpù ní Munich ní 2012, àkàrà ọ̀fẹ́ ni gbogbo wa jẹ láàárọ̀, àní Bàbá jẹ ẹ́, wọ́n kàn kọ ojú sí ògiri ni. Ẹ rántí 2022 tí ogun Ukraine bẹ̀rẹ̀, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá Roman Abramovich, tí wọ́n ní Chelsea ò gbọ́dọ̀ ta jẹ́sì mọ́, wọn ò gbọ́dọ̀ ta tíkẹ́ẹ̀tì tuntun? Tíṣà, ìkà èèyàn, lọ sọ fún Ìyá Chelsea pé wọ́n ń bọ̀ wá gba agbòòrùn wọn, ìyẹn tó ní kìnnìún Chelsea lára. Ìyá ká agbòòrùn, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, inú oòrùn ni wọ́n ti ń dín àkàrà títí di oṣù karùn-ún, tí Todd Boehly àti àwọn Clearlake fi bílíọ̀nù 2.5 owó pọ́n-ùn ra ẹgbẹ́ náà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni agbòòrùn jáde. Wọ́n ní, "Onílé tuntun ti dé, mo ti gba ìwé." Ìwé wo? Ẹ bi wọ́n, wọ́n jókòó síbí.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nìyẹn. Kò sí ẹni tó ní ìpín kọ́bọ̀ nínú gbogbo ẹgbẹ́ wọ̀nyí láàárín wa, síbẹ̀ a máa jà, a máa bínú, a ò ní kí ara wa, bíi pé àwa la ni ín. Tiwa tí a ni ńkọ́? Ṣé ẹ kì í gbọ́ bí Bàbá ṣe ń rò ó tí iná bá lọ? Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti 1976, ọdún tí Shooting Stars, tó ń jẹ́ IICC nígbà náà, borí Tonnerre ti Yaoundé, ẹgbẹ́ Roger Milla, tí wọ́n gbé ife Áfíríkà wá sí Ìbàdàn, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba irú ẹ̀. Wọ́n á dárúkọ Muda Lawal, wọ́n á dárúkọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, ohùn wọn á rọ̀. Tíṣà á wá sọ tiwọn nípa àwọn olówó tó lẹ́gbẹ́ láyé ìgbà náà: Israel Adébájọ tó ni Stationery Stores l'Ékòó, M.K.O. Abíọ́lá tó ni Abiola Babes l'Ábẹ́òkúta, tí wọ́n gba ife Challenge ní 1985 àti 1987. Onílé tí ojúlé ẹ̀ kò fara sin! Tí ẹgbẹ́ bá ṣe ìṣekúṣe, ẹ lè lọ dúró lẹ́nu géètì pariwo, olówó á gbọ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí n tiẹ̀ fi eléyìí kún un. Nígbà tí Tíṣà kà á sókè pé ọmọ Yorùbá kan, Kunle Soname, tó ni Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, ti ra ẹgbẹ́ Feirense ní ilẹ̀ Pọtogí ní 2015, Bàbá dìde dúró. "Àwa náà ti di onílé l'Óyìnbó!" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé òrùlé tiwọn ò jò ṣá?" Nígbà tí Remo Stars wá gba líìgì Nàìjíríà ní 2025, ẹni tí kò délẹ̀ Rẹ́mọ rí nínú ilé wa ń yọ̀ pé àwa la gbà á.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ Télọ̀ ni mò ń sọ. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n yà.

Ẹ mọ̀ pé VAR, fídíò tí wọ́n fi ń yẹ ìdájọ́ rẹfirí wò, ti ba ọjà mi jẹ́. Tẹ́lẹ̀, tí góòlù bá ti wọlé, inú dídùn á mú wọn ra mínírà. Láti 2019 tí wọ́n ti mú un wọ líìgì àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn kan jókòó sínú yàrá ní Stockley Park lápá ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń fa ìlà sí ìka ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ, kò sẹ́ni tó ń dìde tán mọ́. Wọ́n á gbé ìdí sókè lórí bẹ́ǹṣì, ìdí á dúró lójú òfuurufú, ojú á wà lọ́wọ́ rẹfirí bóyá ó máa fọwọ́ kan etí. Ọmọkùnrin kan ṣí mínírà nígbà tí góòlù wọlé, wọ́n fagi lé góòlù, ó ní kí n dá owó òun padà. Mo ní kó lọ gbà á ní Stockley Park.

Tíṣà ní tòun ti pẹ́ jùyẹn. Ife Àgbáyé 2018 ní Rọ́ṣíà ni VAR ti kọ́kọ́ fi ojú oore wò wá, ló bá yí padà. A ń gbá pẹ̀lú Iceland, Ahmed Musa ti jẹ méjì, VAR fún wọn ní pẹnáritì, Sigurdsson gbá a lọ sókè réré. A ní ẹ̀rọ yìí dáa. Lọ́jọ́ kẹrin, Argentina: bọ́ọ̀lù kan ọwọ́ Rojo kedere, rẹfirí ará Tọ́kì sáré lọ wo àwòrán, ó wò ó, ó padà wá, ó ní kò sí nǹkan kan. Rojo yìí kan náà ló wá gbá èyí tó lé wa délé. Tíṣà ò jẹ tolotolo láti ọjọ́ yẹn. Ẹ má bi mí pé kí ló kan tolotolo. Tọ́kì ni, tọ́kì ni, wọ́n ní kò yàtọ̀.

Ó dáa, ọjọ́ keje oṣù kejì 2024. Ife Áfíríkà, ní Bouaké ní Ivory Coast, àwa àti South Africa, ẹni tó bá borí á lọ gbá àṣekágbá. NEPA ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ń ké, sẹ́ńtà kún dé ẹnu ọ̀nà. Télọ̀ ti ń sá fún Bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù torí owó ilé. Tó bá gbúròó ikọ́ wọn ní kọ̀rídọ̀, ó máa ń pa ẹ̀rọ ìránṣọ ni, á di atẹ́gùn. Ó pẹ́ dé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ wáá wò ó, ibi kan ṣoṣo tó ṣófo, ẹ̀gbẹ́ Bàbá ni. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo tẹlifíṣàn. Bọ́ọ̀lù borí ẹ̀rù. Ó jókòó. Bàbá ò kí i, Bàbá ò lé e.

Troost-Ekong fi pẹnáritì jẹ ọ̀kan fún wa lábala kejì. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, àwọn South Africa wà níwájú ilé wa, ẹnì kan ṣubú níbẹ̀, rẹfirí ní ẹ máa gbá a lọ, bọ́ọ̀lù bọ́ sí wa lẹ́sẹ̀, a gbé e sáré dé ọ̀dọ̀ wọn, Osimhen, góòlù!

Ẹ ò rí sẹ́ńtà lọ́jọ́ yẹn! Ìwọ tí mo ń wí yìí, ṣé o ò sí níbẹ̀ ni? Ọwọ́ kan ti gíláàsì Tíṣà ṣẹ́. Ìyá Chelsea gun orí bẹ́ǹṣì, àwọn tí orúnkún ń dùn! Bàbá di Télọ̀ mú, wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé Télọ̀ ò tóbi, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń jù lófuurufú. Bàbá wá fọhùn, ohùn tí wọ́n fi ń pe àwọn ọmọ ilé tí omi bá dé. Gbogbo àwa tí a wà nítòsí la gbọ́ ọ: "Télọ̀! Má san owó oṣù yìí! Mo ní má san!"

Télọ̀ kígbe ju ìgbà tí góòlù wọlé lọ. Kíá ló ti dé ọ̀dọ̀ mi, ó ra máàtì tútù kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Bàbá. Bàbá jókòó, wọ́n gbé e mu.

Rẹfirí fọwọ́ kan etí.

Ẹ mọ ìyókù. Ó lọ wo àwòrán, ó padà, ó ní ẹni tó ṣubú níwájú ilé wa ní ìṣáájú, àwa la gbá a ṣubú. Góòlù Osimhen pa rẹ́, South Africa ni wọ́n fún ní pẹnáritì, Mokoena gbá a wọlé, ó di ọ̀kan sí ọ̀kan. Èyí tí ì bá di méjì sí òdo! Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nínú sẹ́ńtà. Ẹ sì gbọ́ ìròyìn lọ́jọ́ kejì pé àwọn èèyàn kan ní orílẹ̀-èdè wa kú nídìí ìdíje ọ̀hún, àyà wọn ló já. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ ire. Bọ́ọ̀lù, àbí kí ni?

A wá borí níbi pẹnáritì, mẹ́rin sí méjì. Nwabali mú méjì, Iheanacho gbá ti ìkẹyìn wọlé, a jó dé títì. Mò ń ṣọ́ Bàbá o. Wọ́n jó, àmọ́ wọn ò tún dárúkọ owó ilé mọ́.

Nígbà tó di àárọ̀, Télọ̀ jáde, ó dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá ní gbangba, ẹ̀rọ ìránṣọ ń ké tagbáratagbára. Bàbá ní, "Owó mi ńkọ́?" Télọ̀ rò pé àwàdà ni. Ó rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, níwájú ilé, Màmá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá, jókòó sórí ẹní wọn tí wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Télọ̀ ló kọ́kọ́ rojọ́. Ó ní góòlù ni wọ́n fagi lé, wọn ò fagi lé ẹnu.

Bàbá ti múra sílẹ̀. Wọ́n so ìborùn wọn. "Níbo ni ẹnu ọ̀hún ti wá? Nínú góòlù. Ẹ̀ṣẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí Osimhen tó gbá a. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ̀, òfo ni. Góòlù òfo, ìdìmọ́ òfo, ìlérí òfo."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wá létí. Àfi Tíṣà, tí wọ́n ti fi òwú so gíláàsì. Wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀ tán nínú òfin. Wọ́n ní tí rẹfirí bá dá eré padà sẹ́yìn torí VAR, tí ẹnì kan bá ti gbá ẹlòmíì létí láàárín ìgbà yẹn, káàdì pupa ẹ̀ ò ní kúrò. Góòlù lè pa rẹ́, ìgbátí ò ní pa rẹ́. Èyí tí èèyàn bá fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, tiẹ̀ ni.

"Ṣé mo gbá a létí ni?" Bàbá ní.

"Ẹ gbé mi kúrò nílẹ̀," Télọ̀ ní.

Tíṣà gbọ́wọ́ sókè. VAR gan-an, wọ́n ní, nǹkan mẹ́rin péré ló láṣẹ lé lórí: góòlù, pẹnáritì, káàdì pupa tààrà, àti tí rẹfirí bá fi káàdì fún ẹni tí kò ṣẹ̀. Owó ilé ò sí níbẹ̀.

Ibí ni Télọ̀ ti ṣe ohun tí mi ò mọ̀ pé ó lè ṣe. Liverpool ni, ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ Liverpool ò gbàgbé nǹkan. Ó ní ṣé ẹ rántí oṣù kẹsàn-án 2023, àwọn àti Tottenham? Díaz jẹ góòlù, wọ́n ní ọfúsáìdì, kì í sì í ṣe ọfúsáìdì. Àwọn ará inú yàrá VAR wò ó, wọ́n rí i pé ó dára, àmọ́ wọ́n rò pé rẹfirí ti kà á ni, ni wọ́n bá ní kò sí wàhálà, ẹ máa lọ. Kí wọ́n tó mọ àṣìṣe wọn, bọ́ọ̀lù ti tún bẹ̀rẹ̀. Òfin ní tó bá ti tún bẹ̀rẹ̀, kò sí ìpadàsẹ́yìn. Tottenham borí, méjì sí ọ̀kan.

"Bàbá," Télọ̀ ní, "lẹ́yìn tí ẹ sọ ọ́, ẹ jókòó. Ẹ mu máàtì. Bọ́ọ̀lù ti tún bẹ̀rẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí mi. Kí ni kí n ṣe? Mo ní òótọ́ ni, èmi ni mo ta máàtì náà, Télọ̀ ló sì sanwó ẹ̀.

Àyè wá há fún Bàbá. Wọ́n tún ìborùn so. Wọ́n ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ kúrò níbẹ̀, ta ló ní àwọn sọ pé "má san"? Àwọn ní "máa san" ni. "Télọ̀, máa san owó oṣù yìí. Mo rán an létí gbèsè ẹ̀ ni."

Ẹ̀yin ará! Ẹ̀rín fẹ́ pa wá. Àbíkẹ́yìn Ìyá Chelsea, èyí tó ń fi gbogbo ohun tó bá rí sí WhatsApp, bẹ́ sílé lọ mú fóònù. Ó ti ká gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. A bo fóònù, orí le orí. Bàbá ń gbé Télọ̀ sókè, ẹnu wọn là, àmọ́ jẹnẹrétọ̀! Ohùn jẹnẹrétọ̀ bo "má" náà mọ́lẹ̀, a ò mọ̀ bóyá ó gùn àbí ó kúrú. Ọmọ náà dá a padà, ó fà á lọ́ra, ó tún fà á lọ́ra sí i. Àwọn kan ní ó kúrú. Ọmọ United kan ní ó gùn díẹ̀. Ṣé ẹ rí i, ìka ẹsẹ̀ ló kù ká máa fa ìlà sí.

Màmá Àgbà fọwọ́ nu ẹ̀pà. "Ẹ gbé e wá." Etí ò gbọ́ràn mọ́, ṣùgbọ́n ojú ń ríran. "Ẹ pa ariwo ẹ̀." A pa á. Wọ́n wo ọmọ wọn nínú fóònù, tó ń fò sókè láìsí ohùn, tí eyín kan tó kù lápá ọ̀tún hàn. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ojú ẹni tó ń bèèrè owó kọ́ nìyí. Mo mọ ojú tó fi ń bèèrè owó. Mo ti rí i láti kékeré."

Bàbá ní, "Màmá, òfin bọ́ọ̀lù ní..."

"Èmi ni mo bí ẹ."

Wọ́n wá dá a: kí Télọ̀ má san án fún Bàbá, kí wọ́n fi owó náà ra páànù sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀. Kí Bàbá sì san owó ìránṣọ ohun tó wà lọ́rùn wọn. Ta ló sọ fún Màmá pé Bàbá ò tíì san án? Ẹ má wo ojú mi.

Bàbá gbà, àmọ́ ẹ̀ẹ̀rùn la wà. Wọ́n ní òjò ṣì jìnnà. Oṣù kẹta lọ, oṣù kẹrin lọ, owó páànù wà lọ́wọ́ Màmá, kò sẹ́ni tó pe káfíńtà. Ó wá di ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún, Arsenal lọ bá United ní Old Trafford, Trossard jẹ ọ̀kan, ó tán síbẹ̀. Tíṣà ń kọrin. Ẹ̀yìn ìyẹn ni òjò ńlá sọ̀kalẹ̀ sí Manchester, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà láti òkè òrùlé Old Trafford, ó ń ya bí omi ọ̀sọ̀rọ̀ sórí ibi tí àwọn èèyàn ń jókòó sí. Wọ́n fi hàn lórí tẹlifíṣàn, wọ́n tún un fi hàn. Bàbá fò dìde. "Ẹ ò rí ohun tí mò ń wí! Aláìnítìjú onílé! Ó ń gbowó, kò lè tún òrùlé ṣe!"

Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Gbogbo sẹ́ńtà yíjú, wọ́n wo Télọ̀. Télọ̀ ń wo ilẹ̀, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n, ó fẹ́ mú ẹ̀rín mọ́ra, kò ṣeé ṣe. Bàbá wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn. Ìyá Chelsea ló ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Glazer." Háà, ẹ ò bá rí ojú Bàbá! Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ bínú. Ìgbà tó yá, àwọn gan-an ló rẹ́rìn-ín jù, wọ́n fi ìborùn nu ojú, ìdajì ọ̀kín yẹn tutù rin-rin. Káfíńtà dé lọ́jọ́ kejì, kí a tó gbálẹ̀ tán.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Tíṣà kà á sókè pé Wolves ní kí wọ́n mú VAR kúrò ní líìgì, àwọn ẹgbẹ́ ogún dìbò sí i, mọ́kàndínlógún ní kó dúró. Wọ́n ń bú u lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ kó lọ. Mo wo Bàbá, mo wo àwa ayálégbé, mo gbé ẹnu mi dákẹ́.

Láti ìgbà náà, ẹ wo Bàbá tí Super Eagles bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Àti ọjọ́ àṣekágbá yẹn gan-an, àwa àti Ivory Coast, ló ti bẹ̀rẹ̀: Troost-Ekong fi orí kan án wọlé, gbogbo ilé ń fò, Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, wọ́n ń fò pẹ̀lú ẹnu bíbò. Ivory Coast borí wa, méjì sí ọ̀kan, àmọ́ Bàbá ò pàdánù kọ́bọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbàgbé ara wọn. Wọ́n ń bá Tíṣà jiyàn, wọ́n ní lọ́jọ́ tí àwọn Glazer bá ta United pátápátá, tí ìpín wọn kankan ò ní kù níbẹ̀, odidi ọdún kan ni gbogbo ilé ò ní san owó ilé. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tán, yàrá Télọ̀ ṣí. Ó yọjú, abẹ́rẹ́ lẹ́nu, fóònù lọ́wọ́, ó sì ti pa ẹ̀rọ ìránṣọ kí ariwo má baà sí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ síbí. Ṣé 'má' ni àbí 'máa'?"